Níbo Ni Kọ́bọ̀ Kan Yẹn Wọlẹ̀ Sí?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin oníṣòwò àti ẹ̀yin olùkọ́, ṣé ẹ mọ̀ pé kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní ọ̀gá nínú ìṣirò lè ka 29 sí 28?

Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi ní Ìlàrè, n'Ílé-Ifẹ̀ níbí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi èdè C kọ ètò ìṣirò fún ìyá rẹ̀ tí ń tajà. Ó kọ owó kan sílẹ̀ ní náírà, 0.29, ó ní kí ẹ̀rọ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ó fún òun ní odidi kọ́bọ̀. 28 ni ẹ̀rọ dá a lóhùn. Ìyá náà ké sí mi pé: "Tíṣà, ẹ gbà mí o! Àpótí yìí ti jí kọ́bọ̀ mi kan." Lóòótọ́, kò sí ohun tí kọ́bọ̀ kan ń rà mọ́ lóde òní, ṣùgbọ́n oníṣòwò wo ni yóò gba ìṣirò tí kò bára mu?

Kì í ṣe olè. Ẹ pín náírà kan fún ọmọ mẹ́ta wò: kálukú á gba kọ́bọ̀ 33, kọ́bọ̀ kan á ṣẹ́ kù, bí ẹ bá ń pín in lọ, 0.333 náà kò ní tán láéláé. Mẹ́wàá mẹ́wàá ni àwa fi ń kọ ònkà, ìdá mẹ́ta kò sì bá a mu. Ní ti kọ̀ǹpútà, méjì méjì ni. 0 àti 1 nìkan ni ó mọ̀. Ìdajì rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ìdá mẹ́rin rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́wàá kò lópin lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí àyè bá ti tán ni yóò ti dúró. Nítorí náà 0.29 tí ó fi pamọ́ dín díẹ̀. Nígbà tí ó sọ ọ́ di púpọ̀, 28.999999999999996 ni ó rí, èdè C sì ju gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn àmì nù. Olùkọ́ tó bá fi irú ètò bẹ́ẹ̀ sọ 0.57 di máàkì nínú 100, 56 ni yóò kọ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ó ti pa ènìyàn rí. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1991, ohun ìjà Patriot tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi ń ṣọ́ ibùdó wọn ní Dhahran, ní Saudi Arabia, kò lè dá ohun ìjà tí Iraq jù wá dúró. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ fi ń ka àkókò. Lẹ́yìn nǹkan bí 100 wákàtí tí wọn kò pa á, ó ti ṣìnà ní nǹkan bí 0.34 ìṣẹ́jú àáyá. Ọmọ ogun 28 ló kú.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń kọ ètò owó fún yín máa ka kọ́bọ̀ lódindi: 29, kì í ṣe 0.29. Odidi ònkà kì í da kọ̀ǹpútà láàmú. Ìgbà tí ẹ bá ń tẹ rìsíìtì ni kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àmì náírà sí i.