“Omi Wà Nínú Ẹmu Yìí!” Ṣé Ó Dá Yín Lójú?

Ọ̀rọ̀ ẹmu la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ kan, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi jókòó sídìí ẹmu. Mo tọ́ ọ wò, ojú mi fà ro. Ni mo bá pariwo lójú gbogbo èèyàn pé, “Bàbá, ẹ ti bomi là á!” Bàbá ò bínú. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, omi kọ́. Ẹmu àná ni.” Wọ́n bu ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn fún mi kí n fi wé e. Ojú tì mí gan-an, mo sì bẹ̀ wọ́n. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba bàbá olóòótọ́ lórúkọ jẹ́, torí pé mi ò mọ ohun tí ẹnu mi ń sọ fún mi.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Tí ẹmu bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán látara ọ̀pẹ, adùn ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Kíá ni ìwúkàrà, ìyẹn irú èyí tó ń mú búrẹ́dì wú, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà inú ẹ̀. Á sọ ọ́ di ọtí, á sì mú kó máa hó. Àwọn kòkòrò tíntìntín míì á wá máa mú kó kan. Tó bá pẹ́ jù, á di fínígà.

Torí náà, nǹkan mẹ́rin lẹ máa wò: adùn, kíkan, agbára ọtí, àti bó ṣe ń hó. Ẹmu tó bára mu ni èyí tí ọ̀kan ò ti bo ìyókù mọ́lẹ̀. Ohun kan náà làwọn tó ń tọ́ wáìnì èso àjàrà wò máa ń wá.

Báwo lẹ ṣe máa mọ àléébù ẹ̀?

Tó bá ti pẹ́, adùn á lọ sílẹ̀, kíkan àti agbára ọtí á gòkè.

Tó bá jẹ́ omi, gbogbo ẹ̀ ló máa lọ sílẹ̀ pa pọ̀. Á kàn tẹ́ lẹ́nu bí ọbẹ̀ tí wọ́n bomi là.

Tí wọ́n bá bomi là á tán, tí wọ́n wá fi ṣúgà bò ó, adùn lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, àmọ́ kò ní sí nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá jẹ́ sákárìnì, adùn ẹ̀ á pẹ́ lẹ́nu, ó sì lè korò díẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Ẹ má tọ́ ọ wò nígbà tó bá tutù bíi yìnyín, torí òtútù máa ń bo adùn. Ẹ mu díẹ̀, ẹ jẹ́ kó yí ká ẹnu, ẹ gbé e mì, kẹ́ ẹ wá mí síta látimú. Ẹ fi omi fọ ẹnu, kẹ́ ẹ tún un tọ́ wò kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀.

Dípò “kò dáa,” ẹ sọ pé, “adùn ẹ̀ ti lọ, kíkan ló kù.” Kẹ́ ẹ sì tó pe ẹnikẹ́ni lólè, ẹ kọ́kọ́ bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ dá a?”

Ó dìgbà kan ná o.