Ohun Tí A Kì Í Jẹ: Èèwọ̀ Àwọn Júù àti Tiwa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a kì í jẹ, a kì í fi run imú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a lọ síbi ìnáwó ní Àgbàdo, ìlú tí ojú irin là kọjá, tí onírúurú ìjọ sì ti fìdí kalẹ̀. Wọ́n gbé ọbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ síwájú àlejò. Ó dúpẹ́, ó sì tì í sẹ́yìn. Inú bí onínàáwó: ó rò pé àlejò fura sí òun. Bẹ́ẹ̀, ọmọ Ìjọ Mímọ́ láti Ọ̀run Wá ni àlejò ọ̀hún.

Ìjọ yìí, tí Olóògbé S. B. Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947, tí ibojì rẹ̀ sì wà ní Ìmẹ̀kọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ka ẹlẹ́dẹ̀ léèwọ̀. Inú òfin àwọn Júù, Léfítíkù orí 11, ni èèwọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá.

Òfin náà ní kí wọ́n jẹ ẹran tí pátákò rẹ̀ là, tí ó sì ń jẹ àpọ̀jẹ, bíi màlúù àti ewúrẹ́. Pátákò ẹlẹ́dẹ̀ là lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í jẹ àpọ̀jẹ. Ẹja gbọ́dọ̀ ní lẹbẹ àti ìpẹ́. Nítorí náà, àrọ̀, edé àti akàn kò sí níbẹ̀. Wọn kì í jẹ ẹ̀jẹ̀, wọn kì í sì í jẹ ẹran pọ̀ mọ́ wàrà.

Kí ni ìdí rẹ̀? Maimonides, oníṣègùn àti amòfin Júù ní ọ̀rúndún kejìlá, ní nítorí ìlera ni. Ní 1966, Mary Douglas ní ohun tí kò bá irú rẹ̀ mu ni wọ́n ń yẹra fún. Ṣùgbọ́n ìdí tí ẹsẹ 44 fúnra rẹ̀ sọ ni pé kí wọ́n jẹ́ mímọ́, nítorí pé mímọ́ ni Ọlọ́run wọn.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ọlọ́bàtálá kì í mu ẹmu, nítorí ìtàn pé ẹmu pa òrìṣà náà, ó sì sùn lẹ́nu iṣẹ́ tí Olódùmarè rán an. Ìbejì kì í jẹ ẹdun, nítorí pé ìbátan wọn ni a kà á sí. Ìgbàkigbà tí ènìyàn bá jókòó ti oúnjẹ, èèwọ̀ ń rán an létí ọmọ ẹni tí í ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe sọ fún ọmọ pé "èèwọ̀ ni" kí ẹ sì dákẹ́. Ọmọ tí kò mọ ìdí èèwọ̀, ẹ̀yìn odi ni yóò ti jẹ ẹ́. Kí onínàáwó náà sì kọ́kọ́ bi àlejò léèrè: "Kí ni ẹ kì í jẹ?"