Bí A Ṣe Ń Yẹ Ẹ̀rọ Ìfínkòkó Wò Kí Ó Tó Wọ Oko

Ẹ̀yin àgbẹ̀ olóko kòkó àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nígbà tí òjò bá dé, tí àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú bá bẹ̀rẹ̀ sí jà, kíá ni a máa ń gbé ẹ̀rọ ìfínkòkó kọ́ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó ti wà ní kọ̀rọ̀ ilé láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, rọ́bà inú rẹ̀ lè ti gbẹ, kí ó sì ti sán. Bí ó bá ń jò, ẹ̀yìn yín ni oògùn yóò kọ́kọ́ fín kí ó tó fín kòkó.

Nínú ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ fà sókè-sódò, àgbá ńlá tí ó ń gba nǹkan bí lítà 15 kọ́ ni agbára wà. Ìyẹ̀wù kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ náà. Oògùn tí a ń fà wọ inú rẹ̀ a máa fún afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọ́ra, afẹ́fẹ́ yìí a sì máa ti oògùn jáde dé ẹnu ìfọ́n. Bí ó bá ń jò lójú ọ̀nà, oògùn yóò máa kán dípò kí ó fọ́n bí ìrì, kò sì ní dé ara èso tí ó wà lókè igi.

Omi lásán ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fọ ẹ̀rọ náà, ẹ bu omi sí i dé ìdajì, ẹ gbé e sórí àpótí. Ẹ fa ọwọ́ rẹ̀ títí yóò fi le, láì tẹ ọ̀pá ìfọ́n, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ wá fi bébà gbígbẹ nu gbogbo oríkèé rẹ̀: ibi tí bébà bá ti tutù ni ó ti ń jò. Bí ẹnu ìfọ́n bá ń kán nígbà tí ẹ kò tẹ̀ ẹ́, wásà inú ọ̀pá ni ó bàjẹ́. Bí ọwọ́ ẹ̀rọ bá rọ̀ tí ẹ kò sì rí omi kankan níta, inú ni ó ti ń jò: fáàfù kò pa dé mọ́, omi ń padà sínú àgbá. Iyanrìn tàbí ìdọ̀tí ni ó sábà máa ń há sí i.

Ẹ má fojú kéré ọmọrí àgbá, nítorí ibẹ̀ ni oògùn ti ń ṣàn sí ọrùn nígbà tí a bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan a máa fi ìda dí ihò kékeré tí ó wà lórí rẹ̀. Èyí kò dára rárá. Ihò náà ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí ó bá dí, ẹ̀rọ kò ní lè fa oògùn mọ́.

Ti ẹ̀rọ tí a ń fún afẹ́fẹ́ kún gbogbo àgbá rẹ̀ yàtọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ lè máa jò níbi tí omi kò dé. Ẹ po ọṣẹ kí ó hó, ẹ fi pa ọrùn àgbá náà yí ká. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń wú ni afẹ́fẹ́ ti ń yọ. Ẹ tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ tán kí ẹ tó ṣí i, kí ọmọrí má baà fò bá yín lójú.

Bí ẹ bá rí ibi tí ó ń jò, ẹ má fi sípánà fún un pa, nítorí ike a máa là. Wásà ni kí ẹ pààrọ̀. Rọ́bà tí a gé lára tíúbù kẹ̀kẹ́ lè gbà yín fún ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n oògùn tí ó ní epo nínú a máa mú un wú. Kí ẹgbẹ́ tí ó ní ẹ̀rọ àjùmọ̀lò máa tọ́jú wásà bíi mélòó kan pamọ́, kí ẹni tí ó bá sì ń dá ẹ̀rọ padà yẹ̀ ẹ́ wò níwájú ẹni tí yóò gbà á.

Omi tí ẹ fi yẹ ẹ̀rọ wò lè ní oògùn àtijọ́ nínú. Inú oko kòkó ni kí ẹ dà á sí, kí ó jìnnà sí odò àti kànga.