Bí Fíúsì Ọkọ̀ Bá Ń Jó

Ó yẹ kí ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń kó ẹrù oko láti Mọ́níyà lọ sí ọjà Bódìjà mọ ohun tí fíúsì wà fún.

Fíúsì jẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ṣe kí ó lè yọ́ ṣáájú wáyà ọkọ̀. Bí iná mànàmáná tí ń kọjá bá pọ̀ jù, fíúsì a já, iná a sì dá. Nítorí náà fíúsì tí ó jó kì í ṣe ọ̀tá; ìkìlọ̀ ni ó ń ṣe.

Àwọn ẹlòmíràn a máa fi wáyà tàbí bébà dídán inú páálí sìgá dípò rẹ̀. Ewu ńlá ni èyí. Wáyà ọkọ̀ yóò gbóná títí rọ́bà ara rẹ̀ yóò fi yọ́, ọkọ̀ sì lè jóná tòun ti èrò.

Bí fíúsì bá jó, ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ sì tú wáyà orí bátìrì tí ó ní àmì (−). Ẹ wá ibi tí wáyà ti ń ha irin títí ó fi bó. Ẹ fi téèpù wé e dáadáa. Lẹ́yìn náà, bí a bá kọ 15 sí ara fíúsì tí ó jó, 15 ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, kì í ṣe 30. Bí ó bá tún jó, ẹ pe rewáyà.

Owó fíúsì kò tó nǹkan. Ẹ̀mí kò ní ààrọ̀.