Fífa Òpè Mọ́ra Nídìí Géèmù Ogun Òfuurufú

Láàárín Yorùbá, ẹni tó ń polówó ọjà kì í fi ohùn nìkan pe oníbàárà. Ẹlẹ́mu a máa bu díẹ̀ fún ẹni tó ń wò ó lójú, a ní kó tọ́ ọ wò. Ìtọ́wò yìí ni àwọn tó ń ta géèmù ogun òfuurufú orí íntánẹ́ẹ̀tì náà gbójú lé, ṣùgbọ́n ìtọ́wò tiwọn a máa korò.

Air Warrior, tí ilé iṣẹ́ Kesmai gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1988, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ la ọ̀nà náà. Wákàtí ni wọ́n fi ń ka owó lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é. Aces High dé ní 2000, ó sì wá ń fún àlejò ní ọ̀sẹ̀ 2 lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó tó máa sanwó oṣooṣù. War Thunder, tó yọjú ní 2012, ṣí ẹnu ọ̀nà gbayawu fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ tètè gba ọkọ̀ tó lágbára ló ń sanwó.

Síbẹ̀, ọ̀fẹ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá gbé imú ọkọ̀ òfuurufú sókè jù, eré ọkọ̀ náà yóò kú, yóò sì já bọ́. Kí àlejò tó mọ èyí, ẹni tó ti ń fò fún ogún ọdún ti yọ sí i láti ẹ̀yìn. Kò rí ẹni tó pa á, kò mọ ohun tó pa á. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó pa kọ̀ǹpútà, kò sì padà wá mọ́. Níbi tí èrò ò bá ti pọ̀, àdánù ńlá ni èyí, nítorí ẹni tó lọ lónìí ni ì bá jẹ́ alátakò lọ́la. Bí òfuurufú bá sì ti dá, àwọn ògbóǹtarìgì pàápàá yóò bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ wo ìdí ayò. Ihò 12 àti ọmọ ayò 48 péré ni, ṣùgbọ́n ó le. Ní Adó-Èkìtì, kò sí ẹni tó ń lẹ ìwé mọ́ ògiri láti pe èrò sídìí rẹ̀. Òpè a kọ́kọ́ dúró láàárín òǹwòran. Yóò gbọ́ yẹ̀yẹ́ tí wọ́n ń fi ẹni tó ń pàdánù ṣe, yóò rí bí ọ̀ta ṣe ń kó odù jọ sójú kan kó tó tú u. Nígbà tí yóò bá fi jókòó, ó ti mọ ohun tí yóò pa á. Bí wọ́n bá sì pa á, wọ́n á sọ ibi tó ti ṣì í ta fún un, ìbáà bèèrè, ìbáà má bèèrè.

Ẹnìkan lè ní Gamsole kò nílò irú èyí. Òótọ́ ni. Abiola Olaniran, tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 2012. Ó gbé géèmù rẹ̀ lọ sórí fóònù Windows, níbi tí àtẹ kò tíì kún, àwọn ènìyàn sì gbà á ju ìgbà mílíọ̀nù 9 lọ. Ṣùgbọ́n géèmù tí ọmọdé lè tètè mọ̀ ọ́n ṣe ni. Àtẹ rere tó fún un. (Microsoft ti palẹ̀ àtẹ ọ̀hún mọ́ ní 2019.)

Ti ogun òfuurufú kò rí bẹ́ẹ̀. Fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Adó-Èkìtì, dátà tí géèmù náà yóò jẹ kó tó wọlé kì í ṣe kékeré, iná sì lè lọ nígbàkigbà. Ohun tí ìpolówó aláràbarà kò lè ṣe fún un ni kọ̀ǹpútà kan nínú yàrá tí ènìyàn mẹ́wàá ti lè wòran, kí ọ̀ta kan sì máa fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpè, kí ó máa wí fún un lédè Yorùbá pé ẹnìkan ń bọ̀ lẹ́yìn, kó yà sọ́tùn-ún, kó má gbé imú sókè. Owó tí àwọn olùtajà ń ná sórí ìpolówó ì bá wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ bí wọ́n bá fi ń san ẹ̀san fún ọ̀ta tó bá mú òpè kan dúró fún oṣù kan.