Ọ̀rá ara: Kí ló ń kó o jọ, kí ni kì í jẹ́ kó jáde?

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé bí ẹnì kan bá sanra jọ̀kọ̀tọ̀, ara rẹ̀ ló ń ṣe ọ̀rá ní àṣejù. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gé bíńtín lára ọ̀rá abẹ́ awọ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ yàtọ̀. FAS àti ACC, àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń bá ara sọ ṣúgà di ọ̀rá, sábà máa ń kéré níbẹ̀ ju ti ẹni tí kò sanra lọ. Níbo wá ni ọ̀rá náà ti ń wá?

Bó ṣe ń wọlé

Èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rá ara ló ti jẹ́ ọ̀rá látinú oúnjẹ. Bí èèyàn bá jẹ àkàrà tán, ìfun á fa òróró inú rẹ̀, á wé e mọ́ pòròtéènì, á sì rán an lọ sínú ẹ̀jẹ̀. Bó ṣe wà yẹn, ó ti tóbi ju ohun tó lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá. Ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ LPL, tó lẹ̀ mọ́ ara iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín níbẹ̀, ló ń gé e wẹ́wẹ́ kó lè ráyè wọlé. Tó bá wọlé tán, àwọn ẹ́ńsáìmù mìíràn, bíi DGAT, á tún un so pọ̀.

Ínsúlínì tó ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ló ń ta LPL jí. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1990, àwọn tó sanra gan-an fọn, síbẹ̀ ńṣe ni iṣẹ́ LPL wọn ròkè. Ó lè wà lára ìdí tí ara tó fọn fi máa ń yára padà sanra.

Bó ṣe ń jáde

Bí oúnjẹ bá pẹ́ kó tó dé, ínsúlínì á lọ sílẹ̀, ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ ATGL á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rá, ẹ́ńsáìmù mìíràn, HSL, á sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti mọ HSL, àmọ́ ọdún 2004 ni Rudolf Zechner àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílùú Graz, ní Austria, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ ATGL hàn.

Ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Karolinska, lórílẹ̀-èdè Sweden, Kirsty Spalding, Peter Arner àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi kábọ́nù-14 tí ìdánwò bọ́ǹbù átọ́míìkì tú sínú afẹ́fẹ́, tó sì bá oúnjẹ wọ ara wa, mọ ọjọ́ orí ọ̀rá. Lọ́dún 2008, wọ́n ní iye sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá àgbàlagbà kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà: bí ó bá fọn, ńṣe ni wọ́n ń kéré, wọn kì í dín níye. Lọ́dún 2011, wọ́n fi hàn pé ọ̀rá ń lo nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Lára àwọn tó sanra jù, èyí tó ń wọlé pọ̀ sí i, èyí tó yẹ kó jáde sì ń falẹ̀.

Ibi tí ewu wà

Bí àká bá kún, ọkà á dà sílẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá tó ti kún kì í gbọ́ràn sí ínsúlínì lẹ́nu dáadáa mọ́, ọ̀rá á sì máa ṣàn lọ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan ara. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2005 láàárín àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti kún fún ọ̀rá fi hàn pé nǹkan bí ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rá ẹ̀dọ̀ náà ló ti ara sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá wá, pé ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ìdá 26, ìdá 15 tó kù sì wá tààrà látinú oúnjẹ.

Nítorí náà, ẹ̀dọ̀ ni àwọn tó ń wá oògùn tó lè dá ACC dúró dojú kọ. Nínú ìdánwò kan tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2017, ọ̀rá ẹ̀dọ̀ dín kù lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ fò sókè. Bí ọ̀rá tó ń wọlé bá ṣì ju èyí tó ń jáde lọ, dídá ẹ́ńsáìmù kan dúró kò tíì dí ọ̀nà yòókù.