Àdínkù owó orí fún oúnjẹ aláìsàn celiac ní Kánádà

Àdínkù owó orí fún oúnjẹ aláìsàn celiac jẹ́ ètò kan nínú òfin owó orí orílẹ̀-èdè Kánádà. Ó fi àyè gba ẹni tó ní àrùn celiac láti ka apá kan nínú owó oúnjẹ rẹ̀ mọ́ ìnáwó ìlera. Kì í ṣe gbogbo owó oúnjẹ náà ni òfin gbà wọlé. Iye tí oúnjẹ tí kò ní gluten fi wọ́n ju irú rẹ̀ tó ní gluten lọ nìkan ni.

Àrùn náà àti oúnjẹ rẹ̀

Gluten jẹ́ èròjà amúaradàgbà tó wà nínú àlìkámà, ọkà báálì àti ráì. Bí ẹni tó ní àrùn celiac bá jẹ ẹ́, àwọn èròjà tó yẹ kó dáàbò bo ara rẹ̀ a máa bá ìfun kékeré jà. Ìfun náà a bàjẹ́, kò sì ní lè fa èròjà aṣaralóore inú oúnjẹ sí ara dáadáa mọ́. Kò sí oògùn tó ń wo àrùn yìí sàn. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí aláìsàn yẹra fún gluten ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Búrẹ́dì, mákàrónì àti bisikíìtì tí wọ́n dìídì ṣe láìsí gluten wà ní ipò oògùn fún un, wọ́n sì sábà máa ń wọ́n ju ti gbogbogbòò lọ.

Ìpìlẹ̀ nínú òfin

Ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2003 ni ó fi ìnáwó yìí kún àwọn ìnáwó ìlera. Ó wà ní abala 118.2(2)(r) nínú Òfin Owó Orí. Abala náà dárúkọ àrùn celiac ní pàtó, ó sì béèrè pé kí oníṣègùn kọ̀wé jẹ́rìí pé àrùn náà ló sọ oúnjẹ aláìní-gluten di dandan. Ẹni tó kàn yàn láti má jẹ gluten kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Canada Revenue Agency, àjọ tó ń gba owó orí, ka àwọn oúnjẹ tí wọ́n ṣe tí wọ́n sì ń tà fún àwọn tí kì í jẹ gluten mọ́ ọn. Ó tún gba èlò bí ìyẹ̀fun ìrẹsì, bí aláìsàn bá fi ń se oúnjẹ tí òun fúnra rẹ̀ máa jẹ. Bí àwọn ará ilé bá bá a jẹ nínú rẹ̀, ìpín ti aláìsàn nìkan ni a ó kà.

Ìṣirò

Ká ní búrẹ́dì lásán jẹ́ dọ́là 4, tí èyí tí kò ní gluten jẹ́ dọ́là 8. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ dọ́là 4. Bí aláìsàn bá ra ẹyọ kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 52, dọ́là 208 ni ó lè kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dọ́là 416 ló ná.

A ó ro iye yìí pọ̀ mọ́ àwọn ìnáwó ìlera mìíràn, bí oògùn, ìtọ́jú eyín àti awò ojú, láàárín oṣù 12 tó parí nínú ọdún owó orí náà. A ó wá yọ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ẹni náà kúrò, tàbí iye kan tí ìjọba ń kéde lọ́dọọdún, èyí tó bá kéré jù. Iye tí ìjọba kéde fún ọdún 2024 jẹ́ dọ́là 2,759.

Bí owó tó wọlé fún ẹnì kan ní ọdún 2024 bá jẹ́ dọ́là 40,000, ìdá 3 rẹ̀ jẹ́ dọ́là 1,200. Bí gbogbo ìnáwó ìlera rẹ̀ bá jẹ́ dọ́là 2,000, dọ́là 800 ló ṣẹ́kù. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, èyí tí í ṣe dọ́là 120, ni ìjọba àpapọ̀ yóò dín kù nínú owó orí rẹ̀. Owó búrẹ́dì nìkan kò lè dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí tọkọtaya fi sábà máa ń kó ìnáwó ìlera wọn jọ sórí ẹni tí owó tirẹ̀ kéré jù.

Ìwé ẹ̀rí

Ohun mẹ́ta ni aláìsàn gbọ́dọ̀ ní: lẹ́tà oníṣègùn, rìsíìtì gbogbo ohun tó rà, àti àkọsílẹ̀ tó fi iye ẹyọ àti ìyàtọ̀ owó ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn. Kò pọn dandan láti fi wọ́n ṣọwọ́ pẹ̀lú ìwé owó orí, ṣùgbọ́n àjọ náà lè béèrè wọn lẹ́yìn náà.

Ààlà rẹ̀

Owó orí tí ènìyàn jẹ ni ètò yìí ń dín kù. Ẹni tí kò jẹ owó orí rárá kì í rí nǹkan gbà láti inú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àfikún mìíràn wà fún òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ tí ìnáwó ìlera rẹ̀ sì ga.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn

Ní Amẹ́ríkà, òfin kò fi mọ sórí àrùn kan ṣoṣo. Oúnjẹ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó ń dí àlàfo oúnjẹ ojoojúmọ́ lásán, ó gbọ́dọ̀ máa tọ́jú àìsàn tàbí kí ó mú un rọrùn, oníṣègùn sì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i. Níbẹ̀ náà, iye tó fi ju owó oúnjẹ lásán lọ nìkan ni a ń kà, ìnáwó ìlera sì gbọ́dọ̀ kọjá ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé kí ó tó ṣiṣẹ́. Ní Ireland, àdínkù ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún wà lórí oúnjẹ aláìní-gluten fún aláìsàn celiac, wọ́n sì ń gba rìsíìtì láti ilé ìtajà ńlá.